Ọgbà Wáyà Tí Ìrètíolúwa Gé

                                                  Ojúlé Kọkànlá,
                                                  Òpópónà Kẹrin,
                                                  Gwarinpa, Abuja.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọ̀gbìn òjò yìí. Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé oògùn tí Hezekiah fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí ti ń jẹ́ kí ẹ lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìdi ògiri mú? Ìyá Abíọ́nà tó ń bá yín gbélé ńkọ́? Àwọn ayálégbé ẹ̀yìn ilé ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò yín tètè dé lọ́dún yìí, mo sì ń rò ó pé àgbàdo yín á ti yọ irùkẹ̀rẹ̀.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Hezekiah ọkọ mi ní kí n kí yín dáadáa. Ó ṣì ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Garki jà láràárọ̀ kó tó dé ọ́fíìsì. Dámi ọmọ wa ti ga jù mí lọ. Ó ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni ń gbọ́ rédíò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó fèsì, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá yín lóhùn. A ò tíì sú u, òun náà ò sì tíì sú wa.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Mo pè yín títí, ẹ ò gbé fóònù. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ kà á, ẹ ò fèsì. Mo mọ̀ pé nítorí Ìrètíolúwa ni. Ẹ rò pé bí ẹ bá gbé fóònù mi, màá sáré gbé e lé ọmọ yín lọ́wọ́. Ẹ ò kúkú ṣì mí mọ̀, mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fi rán Bùkúnmi, ọmọ ìjọ wa tó ń bọ̀ ní Ìlá. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín ṣe olùkọ́, ẹ ò lè rí ìwé kí ẹ má kà á dé òpin.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí Bọ̀dá Ṣítù gbé délé láti ìpàdé àwa ọmọ Ìlá ní Garki kò rí bó ṣe sọ ọ́. Ó ní wọ́n lé Ìrètí kúrò ní yunifásítì ní ilẹ̀ Sweden nítorí pé ó ba ọgbà òyìnbó jẹ́, tìtorí ẹranko. Ojú mi ló ṣe. Ẹnì kan ló bi mí léèrè nípàdé pé ṣé dókítà wa ti dé, mo sì fi ọ̀rọ̀ ṣókí dáhùn pé ó ti dé, pé ọgbà tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ló bàjẹ́, ẹranko wọ ibẹ̀. Bọ̀dá Ṣítù gbọ́ ìdajì, ó fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù. Mi ò bá a jà. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí ìkà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kàn máa ń ṣáájú rẹ̀ délé ni.

Mo mọ ohun tó dùn yín. Ẹ ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ń lọ kàwé gboyè dókítà. Màmá Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè yín. Ní báyìí, bí ẹ bá ń kọjá, ẹ óò máa rò pé wọ́n ń fi yín sọ̀rọ̀. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ọmọ náà ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tó dé ní oṣù Kejì, èmi àti Hezekiah la lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ti rù. Ó dì mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ló ń wà. Ọbẹ̀ ilá tó ń bá Dámi jà sí tẹ́lẹ̀, á kàn fi ìka kàn án, á ní òun ti yó. Bí mo bá ní kó bá mi sọ̀rọ̀, á ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀ ná.” Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní, “Adérónkẹ́, ọgbẹ́ tí a bá ń tú wò lójoojúmọ́ kì í jinná.” Mo fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n oorun mi kò dá ṣáká mọ́.

Màlúù ló tú u nínú. Ẹ mọ̀ pé bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀ ní Gwarinpa tí koríko yọ, àwọn màlúù á máa rìn káàkiri bí ẹni tó ni ìlú, mọ́tò á sì dúró dè wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, agbo kan yà sí iwájú ilé wa, wọ́n ń jẹ òdòdó tí mo gbìn síta. Mo fi ariwo bọ́ síta. Ọkùnrin tó ń dà wọ́n fi Hausa kí mi pé, “Sànnu, Hájíà, sànnu.” Mo ní èmi kì í ṣe Hájíà, kó kó ẹran rẹ̀ kúrò lórí òdòdó mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Yauwa,” pé ó dáa, ó sì dà wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣu sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ibi tí mo ti ń ráhùn ni mo ti bojú wẹ̀yìn, mo rí Ìrètí lóṣòó sídìí òdòdó náà, ó ń fọwọ́ tú ewé.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ wo èyí tí wọ́n jẹ, kí ẹ wá wo èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n mú lọ àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, a ní láti rò ó pọ̀ ni.”

Mo ní, “Ìṣirò wo ló wà nínú ìgbẹ́ màlúù?”

Ni ọmọ yín bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe rí. Ó ní, “Ìṣirò tí mo lọ kọ́ ní Sweden nìyẹn.”

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ìyá ẹ̀fọn fi lé wa wọlé. Ó ní apá àríwá ilẹ̀ náà, igbó ni lọ súà, òtútù ibẹ̀ sì ń sọ omi di òkúta. Oríṣi igi méjì ló pọ̀ níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, ó sì máa ń wọ́ kí òtútù tó dé. Ti kejì, ewé rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ẹranko kan wá wà nínú igbó náà tí wọ́n ń pè ní mùúsì. Ìran àgbọ̀nrín ni, ṣùgbọ́n ẹ má rò ó mọ́ àgbọ̀nrín tí ẹ mọ̀. Ó ga ju ẹṣin lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, ètè rẹ̀ wó sílẹ̀, ìwo akọ rẹ̀ sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tí a tẹ́ fún ọrẹ. Ewé rírọ̀ ni mùúsì fẹ́ràn. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, á ti re ọ̀mùnú rẹ̀ jẹ. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, igi eléwé rírọ̀ á máa dínkù, igi eléwé abẹ́rẹ́ á máa gba igbó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrètí ní, “Ewé rírọ̀ tó bá já bọ́, kíá ló ń jẹrà, á di oúnjẹ fún ilẹ̀. Ewé abẹ́rẹ́ kì í tètè jẹrà, Àǹtí. Á kàn ga jọ bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á máa kan, ebi á sì máa pa á. Náítírójìn inú rẹ̀ á wọ́n.”

Mo ní, “Èyí tí wọ́n ń kọ sára àpò ajílẹ̀?”

“Òun náà ni.”

“Ìgbẹ́ ẹranko náà ńkọ́? Òun náà kì í ṣe ajílẹ̀ ni?”

Ó ní ìbéèrè tó gbé òun dé ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ibi tí mùúsì bá ṣu sí tàbí tó tọ̀ sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á lọ́ràá. Ibi tí ọ̀kan bá kú sí, ohun tó ń hù níbẹ̀ á yàtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹranko kan náà ni, ó ń fi ẹnu gba ti ilẹ̀, ó ń fi ìdí dá a padà. Èwo ló wá pọ̀ jù níbẹ̀? Láti mọ̀ ọ́n ni wọ́n ṣe fi wáyà gíga yí apá kan igbó náà ká kí mùúsì má lè wọ ibẹ̀, wọ́n sì fi apá tó kù sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n á máa wú ilẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n á máa yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Ọgbà náà ti wà kí ẹ tó bí Ìrètí.

Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri òpó ọgbà náà, tó sì ń tún un ṣe láti ìgbà náà, Olle ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní, “Olè? Ta ló sọ ọmọ rẹ̀ ní Olè?” Ìrètí ní bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, pé òun ti ṣàlàyé fún bàbá náà ohun tó jẹ́ lédè wa, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò sì bímọ. Síbẹ̀ ó máa ń bá Ìrètí wọ igbó. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín láìṣubú. Òun ló fún un ní ẹ̀wù òtútù ìyàwó rẹ̀. Ó ní ẹ̀wù kì í ṣe ohun tí ó yẹ kó máa gbé ara ògiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá tó kọjá, àwọn méjèèjì lọ wú ilẹ̀ ìkẹyìn kí òtútù tó mú un le. Wọ́n ti wú tinú ọgbà, wọ́n ti dì í, wọ́n sì ti kó o sínú mọ́tò, ni wọ́n bá gbọ́ igbe ọmọ ẹranko lẹ́yìn wáyà. Igi kan ló wó lu ọgbà náà lápá ibẹ̀, ó tẹ wáyà wálẹ̀. Ìyá mùúsì kan ti fò ó wọlé, ọmọ rẹ̀ kò sì lè fò ó. Ọgbà náà tóbi, igi inú rẹ̀ sì dí, ni wọn kò fi tètè rí ìyá náà. Ó ń sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́bàá wáyà, kò mọ ibi tó gbà wọlé mọ́.

Olle ní, “Dúró síta níbẹ̀. Mo ti ṣí géètì, màá rọra dà á síbẹ̀.”

Ohun tí kò rí ni pé ibi tí òun gbà lọ ti mú òun bọ́ sáàárín ìyá àti ọmọ. Ìyá náà ká etí sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ iwájú gbá bàbá náà lulẹ̀, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó wá dúró lé e lórí. Bí Ìrètí bá gbé ẹsẹ̀ kan sún mọ́ wọn, ẹranko náà á tún fi pátákò wa ilẹ̀. Ọmọ yín ní ìbẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun tọ̀ sára. Ó ní òun ń gbọ́ bí Olle ṣe ń mí, bí ayùn tó ń kọjá lára pákó tútù. Ó ní òun wá wo ojú ẹranko náà, òun sì rí i pé Olle kọ́ ló ń wò. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Ó sáré gba ẹ̀yìn ọgbà lọ. Irin tí wọ́n fi ń gé wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e níbi tí ọmọ mùúsì náà dúró sí. Wáyà náà fà á lọ́wọ́ ya. Ẹ óò rí àpá rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀. Ó gé e títí ó fi fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà, ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì sá sẹ́yìn igi. Ìyá rí ọmọ rẹ̀, ó fi Olle sílẹ̀, ó kọjá bí ìjì. Àwọn méjèèjì bá wọ igbó lọ.

Nígbà tí Ìrètí dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé o gé e?”

“Mo gé e, sà. Ẹ má bínú.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Lẹ́yìn èyí ló dákú.

Ìrètí pe àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí. Kí hẹlikópítà tó dé, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ bo bàbá náà, ó sì fi okùn di ibi tó gé àti ibi tí igi wó lù. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á padà wá tún un ṣe lọ́la. Ilé ìwòsàn ìlú tó jìnnà ni wọ́n gbé wọn lọ. Egungun ìhà Olle ti gún un ní ẹ̀dọ̀fóró, ìbàdí rẹ̀ sì ti kán. Nọ́ọ̀sì béèrè pé ta ni ẹbí rẹ̀. Ìrètí ní, “Èmi ni.” Nọ́ọ̀sì náà wo bàbá tó funfun bí òwú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọmọ wa, kò sì bá a jiyàn. Ó gbé àga wá fún un.

Orí àga yẹn ló wà o. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Olle, ibà sì wọlé sí i lára lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ikú ń bà á. Bó bá lajú tí kò bá rí Ìrètí, á máa gbìyànjú láti dìde. Ọ̀gá Ìrètí, obìnrin ni, wà ní ìpàdé kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ìrètí pè é, ó sọ ohun tó ṣe Olle, ó sì sọ pé òun ti fi okùn di ọgbà. Ọ̀gá náà ní kó má jẹ́ kó pẹ́ kó tó tún un ṣe. Lójoojúmọ́ ni Ìrètí ń sọ pé ọ̀la lòun ń lọ, lójoojúmọ́ sì ni mímí bàbá náà ń burú sí i. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí ni yìnyín ti bọ́ láìtó àsìkò, ó dí ọ̀nà igbó pa. Nígbà tí ara Olle wá balẹ̀, tí Ìrètí bá àwọn òṣìṣẹ́ kan fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, okùn ti já. Àwọn mùúsì ti sọ inú ọgbà náà di ilé. Àwọn igi eléwé rírọ̀ tí wọn kò fi ẹnu kàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wọn, wọ́n ti re gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti ṣu síbẹ̀ jìngbìnnì. Ibi tí wọ́n fẹ́ máa fi wé ìta ti di ìta.

Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé, “Gígé tí o gé e, mi ò bá ọ wí. Fífi tí o fi í sílẹ̀ ni.” Ìrètí ní òótọ́ wà nínú rẹ̀. Yunifásítì kò lé e, ẹ̀gbọ́n mi. Àkókò tí wọ́n fún un ló pé, wọn kò sì fi kún un, torí iṣẹ́ tí yóò fi gba oyè ti bàjẹ́. Bó ṣe kó ẹrù rẹ̀ wálé nìyẹn. Kò lè sọ fún yín, nítorí gbogbo ìgbà tó bá gbé fóònù ni ohùn yín máa ń dún bí ti ẹni tó ń múra ayẹyẹ. Nígbà tó fi máa gbìyànjú, Bọ̀dá Ṣítù ti ṣáájú rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú ni fóònù Ìrètí dún, ìpè fídíò tó ń fi ojú ẹni hàn. Olle ni. Ó jókòó síwájú fèrèsé, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń padà. Ó kí mi ní “Ẹ káàárọ̀, Mà,” ní ọ̀sán gangan. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá èmi ni ìyá Ìrètí. Mo ní rárá, àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí.

Ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo wà láàyè.”

Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ tó rán mi sí yín nìyẹn, mo sì ti jẹ́ ẹ.

Ó tún ní ìròyìn mìíràn. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó ní kí ọ̀gá Ìrètí gbé òun lọ wo ọgbà náà. Obìnrin náà mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí Ìrètí wú ní àárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá náà ṣì wà nínú ẹ̀rọ amóhuntutù wọn. Ó fi méjèèjì wé ara wọn. Ìyàtọ̀ ti ń yọ, ṣùgbọ́n kò tíì yé wọn ibi tó dorí kọ, bóyá ìgbẹ́ ni yóò borí ni tàbí ewé tó lọ. Yóò gba ọdún díẹ̀. Ohun tó dá wọn lójú ni pé ọwọ́ wọn kò tíì tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí: ilẹ̀ tí a ti lé ẹranko kúrò lórí rẹ̀ fún ìgbà gígùn, tí a wú ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n padà dé, tí a sì tún lè máa wú láti ìgbà náà lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìrètí tẹ̀ lé mi lọ sí Mpape lọ́dọ̀ aránṣọ mi. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti pè é. Ẹ mọ̀ bí Mpape ṣe ń pariwo, tí wọ́n ń fọ́ òkúta, tí táńkà ń kọjá. Ó sá sẹ́yìn ògiri kan, ó fi ìka dí etí kejì. Nígbà tó padà, mo ní, “Kí ló wí?”

“Ó ní àyè mi ṣì wà, pé iṣẹ́ tuntun yìí ni kí n fi parí. Wọ́n ní kí n padà ní oṣù Kẹsàn-án.”

“Ṣé ó bẹ̀ ọ́?”

“Kò bẹ̀ mí, Àǹtí. Ó kàn ní òun náà ì bá jókòó ti Olle.”

Mo pariwo ayọ̀ débi pé aránṣọ ju sísọ́ọ̀sì nù. Ṣùgbọ́n Ìrètí kò bá mi yọ̀. Ó ní òun kò lọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Nígbà tí mò ń lọ lákọ̀ọ́kọ́, Màmá mi ló gbọ́wọ́ lé mi lórí. Mi ò lè gba ẹ̀yìn wọn kọjá báyìí.” Mo bẹ̀ ẹ́, Hezekiah bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Yunifásítì sì ń retí èsì rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò fi wá ẹlòmíràn tí yóò jókòó ti bàbá náà, kí òun sáré lọ tún ọgbà ṣe. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Mímí bàbá mi ni mò ń gbọ́.”

Ẹ rò pé ó ti gbàgbé, torí ó kéré nígbà náà. Kò gbàgbé. Ó rántí ẹní tí ẹ tẹ́ fún un lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ yín ní ilé ìwòsàn. Ó rántí ọjọ́ tí àwọn ará ilé wá ní kí ẹ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fi yín ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, pé àwọn á bá yín dúró tì í. Ó ní ẹ dáhùn pé, “Bó bá lajú tí kò bá mi ńkọ́?” Ẹ kò lọ. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi joyè náà, ó sì pẹ́ gan-an kó tó kàn yín. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹ kábàámọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bi mí nínú ìbínú, ní ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹ gbé fóònù, pé ta ló kọ́ ọmọ yìí níwàkuwà. Mi ò lè dá yín lóhùn nígbà náà. Ẹ̀yin ni o. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, ẹ sì kọ́ ọ dáadáa.

Ẹ bá mi kí Ìyá Abíọ́nà. Ẹ bá mi kí Pásítọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ akọrin, kí ẹ sì sọ fún Bọ̀dá Ṣítù, bó bá ti wálé, pé mo kí i, mi ò bínú sí i. Dámi ní kí n kọ ọ́ síbí pé, “Mo kí Màmá Ìlá.” Ó kọ́ gbólóhùn náà fúnra rẹ̀.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ mi yóò gbé Ìrètí wá sílé. Lọ́kọ́ja ni wọ́n máa gbà, kí wọ́n tó já sí Kabba, wọ́n á sì dé ọ̀dọ̀ yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò mọ̀ pé mo kọ lẹ́tà yìí. Mo bi í ní àná bóyá kí n bá a bẹ̀ yín ṣáájú kí ẹ má baà bá a wí. Ó ní kí n má bẹ̀ yín. Ó ní ẹ lè bá òun wí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, òun á kúnlẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ pe òun ní Àbẹ̀kẹ́ ná, láti ẹnu ọ̀nà, bí ẹ ṣe máa ń pè é.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Adérónkẹ́.